Ẹ Jẹ́ Kí N Sanwó Ọtí Yìí

4.

…nítorí náà, ẹni tó bá ní ọtí ò wọ́n nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́, ẹ jù ú sínú òkun kó lọ bi ẹja. Àwọn ẹja gan-an, omi iyọ̀ ni wọ́n ń mu. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ iye tí à ń ta bíà ni.

(Ẹ má wá ìkíní dé ìkẹta. Mo ti fi wọ́n nu káńtà.)


5.

Ọjà mi àti iye rẹ̀, bí mo ṣe máa ń kà á fún èrò:

Bíà, ìgò kan — owó bàtà, ẹsẹ̀ ọ̀tún.
Wáìnì pupa, ife kan — ẹsẹ̀ òsì.
Wísíkì — kọ́kọ́ lọ pe ẹbí jọ.
Wísíkì tó dàgbà jù mí lọ — dọ̀bálẹ̀ fún un, kó o sì máa lọ.
Omi dídì — ọ̀fẹ́. (Á ti yọ́ kó o tó jókòó.)


6.

Agbọ́tí ni mí. Ariwo ni wọ́n ń pè mí, ẹ má bi mí pé kí ló fà á.

Káńtà mi wà lókè pátápátá, lẹ́bàá adágún ìlúwẹ̀ẹ́, níbi tí oòrùn ti ń din èrò títí wọ́n á fi máa ta sára. Ife kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tirẹ̀ lórí pẹpẹ, kí ìgbì má baà dà á nù. Ife tí mo fi ń wọn ọtí kéré débi pé èèrà tó bá já sínú ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ á kanlẹ̀. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbé àwọn ìgò mi lé òṣùwọ̀n bí ọmọ tuntun. Bí ọ̀kan bá rù díẹ̀, èmi ni wọ́n ń bi léèrè ohun tó jẹ.

Èrò náà ò gọ̀. Obìnrin kan so àpò ọtí jíìnì mọ́ ikùn kó tó wọkọ̀, ó ní oyún ni. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní, "Ìyá ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, oyún yín ń jò." Ọkọ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lá ilẹ̀.


7.

ÀKÍYÈSÍ
(ó wà lẹ́yìn káńtà, níbi tí ojú èrò ò dé)

KÁÀDÌ LÁKỌ̀Ọ́KỌ́. IFE LẸ́YÌN NÁÀ.
AGBỌ́TÍ TÓ BÁ FÚN ẸNIKẸ́NI LỌ́TÍ LÁÌFI KÁÀDÌ ẸNI NÁÀ KAN Ẹ̀RỌ, ÈBÚTÉ TÓ KÀN NI YÓÒ SỌ̀ SÍ, KÒ SÌ NÍ PADÀ WỌKỌ̀ MỌ́.
LẸ́YÌN KÁŃTÀ YÌÍ, KÒ SÍ Ẹ̀GBỌ́N, KÒ SÍ ÀBÚRÒ.

Èmi ni mo fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: *kò sì sí ìyá ẹnikẹ́ni.*


8.

Ohùn ìyá wa, lórí fóònù mi:

"Aláriwo mi, ṣé ara le? Àbúrò ẹ ti ríṣẹ́ o! Ó ní iléeṣẹ́ ńlá ni, ó ní òun ò tíì lè ṣàlàyé. Wọ́n tiẹ̀ fún un láàyè nínú ọkọ̀ yín, kó wá sinmi. Jọ̀ọ́, má fi eré ẹ dẹ́rù bà á. Tọ́jú ẹ̀ o. O mọ̀ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni."


9.

Jẹ́jẹ́ là ń pè é nílé.

Mo ti rán ẹnu ṣòkòtò ẹ̀ pọ̀ rí, lọ́jọ́ tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn àna ẹ̀. Mo ti sọ fún un rí pé rédíò ń kéde pé ó ti kú, ó sì jókòó ti rédíò náà, ó ń gbọ́, ó fẹ́ mọ ohun tó pa òun.

Kò gbẹ̀san rí.

Nígbà tí ò ríṣẹ́, èmi ni mo lọ bá ọ̀gá wa. Mo kúnlẹ̀, èmi Ariwo. Mo ní ẹ bá mi wá nǹkan kan fún un. Iṣẹ́kíṣẹ́.

Iṣẹ́kíṣẹ́. Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́.


10.

(Lójú káńtà. Ọ̀sán gangan.)

ÈMI: Ẹ gbà mí o! Ta ló jẹ́ kí màlúù yìí wọkọ̀? Ọkọ̀ ti tẹ̀ sápá kan!

JẸ́JẸ́: Ẹ kúuṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi.

ÈMI: Kí lo máa mu?

JẸ́JẸ́: Bíà náà ti tó. Káàdì mi rèé. Ẹ jẹ́ kí n sanwó.

ÈMI: Fi sápò. Kí ìyá wa wá gbọ́ pé ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn ń sanwó ọtí níwájú mi?

JẸ́JẸ́: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sanwó.

ÈMI: Ó ti ríṣẹ́! Ó fẹ́ fi káàdì gbá mi lójú! Gbà, wísíkì nìyẹn. Èyí tó dàgbà ju èmi àtìwọ lọ. Kí i kó o tó mu ún.

(Kò fọwọ́ kan ife.)

JẸ́JẸ́: Ẹ jẹ́ kí n sanwó ọtí yìí.

ÈMI: Lọ sanwó fún bàbá ẹ!

JẸ́JẸ́: Bàbá yín náà ni.

(Èrò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ káàdì ò dún.)


11.

Ó mu ún. Ó ní ó dùn.


12.

(Ọ́fíìsì ọ̀gá wa, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín kí òtútù má baà mú eyín ẹ̀.)

Ọ̀GÁ: A ní àwọn kan tó ń wọkọ̀ bí èrò. Iṣẹ́ wọn ni láti máa jókòó sí káńtà, kí wọ́n wo agbọ́tí tó ń fúnni lọ́tí ọ̀fẹ́.

ÈMI: Ẹ mú wọn wá, mà. Màá fún wọn lọ́tí ọ̀fẹ́.

Ọ̀GÁ: O ti fún wọn.

(Ilẹ̀kùn ṣí. Jẹ́jẹ́ wọlé. Bájì iléeṣẹ́ wà láyà ẹ̀.)


13.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ojú padà. Mo lu tábìlì ọ̀gá. Mo ní, Jẹ́jẹ́! O gbẹ̀san! Gbogbo ọdún wọ̀nyí, o ń kó o pamọ́! Ta ló bá ẹ ṣe bájì? Ẹ tiẹ̀ wo bó ṣe fajú ro, ọmọ yìí á pa mí!

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Mo dúró kó rẹ́rìn-ín.


14.

Mo dúró.


15.

Ọ̀GÁ: Ṣó o ní kó gba káàdì?

JẸ́JẸ́: Ẹ̀ẹ̀mẹta, mà.

Ọ̀GÁ: Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta?

JẸ́JẸ́: Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ́ wa, mà. Ẹ ní ká sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí agbọ́tí má baà ní òun ò gbọ́.

ÈMI: Mà, ẹ dákun. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó ní "ẹ jọ̀ọ́." Ṣé "ẹ jọ̀ọ́" wà nínú ohun tẹ́ ẹ kọ́ wọn?

Ọ̀GÁ: Lọ kẹ́rù ẹ.

ÈMI: Jẹ́jẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́" yẹn, ti ta ni?

(Jẹ́jẹ́ ń wo ilẹ̀.)


16.

Bó bá jẹ́ tiwọn, a jẹ́ pé okùn ló ń ta mọ́ mi lọ́rùn. Kókó kan. Kókó méjì. Kókó mẹ́ta.

Bó bá jẹ́ tiẹ̀, a jẹ́ pé ó ń kì mí nílọ̀, èmi sì ń da wísíkì.

Agbọ́tí pọ̀ nínú ọkọ̀ yìí bí eṣú. Tó bá jókòó síwájú èyíkéyìí nínú wọn, káàdì ni wọ́n á gbà, á mu bíà ẹ̀, á máa lọ. Èmi nìkan ló dá a lójú pé mi ò ní gbowó lọ́wọ́ òun.

Ọ̀dọ̀ mi ló wá jókòó.


17.

Ohùn ìyá wa, lórí fóònù mi:

"Aláriwo, ẹ ò pè mí. Ṣé Jẹ́jẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ ẹ? Ṣó o tọ́jú ẹ̀?"

Ohun tí mo kọ sí i:
*Mo tọ́jú ẹ̀ gan-an, màámi.*

Ohun tí mo pa rẹ́:
*Mo tọ́jú ẹ̀ gan-an, màámi.*


18.

Èbúté. Wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀ pẹ̀lú àpò mi kan. Lẹ́yìn géètì, ṣọ́ọ̀bù ọtí kékeré kan wà, tábìlì onírọ́bà mẹ́ta, fíríìjì tó ń ráhùn bí arúgbó. Mo jókòó. Bíà ibẹ̀ dínwó débi pé mo rò pé ẹni tó ń tà á ṣàìsàn.

Ẹnì kan fa àga tó wà níwájú mi. Bájì ò sí láyà ẹ̀ mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó sọ ọ́ nù ni, àbí ó wà nínú àpò ẹ̀.

Ó jókòó. Mi ò pè é ní màlúù. Èmi, Ariwo.

Lẹ́yìn wa, fèrè ọkọ̀ dún.

Ọlọ́tí gbé ìgò méjì wá, ó ṣí wọn, ó na ọwọ́.

"Èwo nínú yín ló ń sanwó?"


19.