Afẹ́fẹ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Lamduan Gbà Sínú Ìgò

Mi ò tíì rí ẹni tó mọ afẹ́fẹ́ bí Ẹ̀gbọ́n Lamduan ní gbogbo Rayong, ìlú wa ní Thailand. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á gbé ìgò irin rẹ̀ lọ sẹ́bàá àwọn ilé iṣẹ́, á kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, á sé èémí, á wá ṣí i kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Mo sín lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní kí n gbé ìgò yẹn lọ sílé, kí n máa fi pọn omi.

Lọ́dún yẹn, gáàsì fíríìjì àtijọ́ tí ayé ti fòfin dè, torí pé ó ń jẹ òzóònù tó ń bò wá lọ́wọ́ oòrùn, bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ìgò wa. Ilé iṣẹ́ fóòmù kan wà nítòsí, irú gáàsì yẹn ni wọ́n sì máa ń fi wú fóòmù tẹ́lẹ̀, gbogbo wa sì ti dá a lẹ́bi. Wichian, ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́, ti kọ lẹ́tà tó máa tì í pa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ sí i jàre, ebi ń pa wá," ni mo wí.

"Kó máa pa yín. Ṣé torí pé ògiri wọn ga lẹ ṣe dá wọn lẹ́bi? Mi ò tíì gba afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ibẹ̀."

Ó gba ìgò mẹ́fà yí ilé iṣẹ́ náà ká. Ẹ̀yìn ni gáàsì ti pọ̀ jù, níbi tí atẹ́gùn ń gbà kó tó kan fóòmù rárá. A tọ atẹ́gùn náà lọ, a bá ara wa ní àgbàlá tí wọ́n ti ń fi àáké la fíríìjì ògbólógbòó nítorí bàbà inú rẹ̀. Bunsong ló ni ín, àbúrò Ẹ̀gbọ́n Lamduan, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá jẹ ìrẹsì!" Ó rí ìgò náà, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ fi mí lé ìjọba lọ́wọ́ ni? Ta ló máa bọ́ àwọn ọmọ mi?"

"Afẹ́fẹ́ ló sọ̀rọ̀, Bunsong. Èmi kàn gbé e délé ni."

Ní ọ́fíìsì, Wichian rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má kọ orúkọ kankan. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n Lamduan kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ gàdàgbà sínú ìwé àbájáde. Ilé iṣẹ́ fóòmù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi náà, wọ́n sì ti àgbàlá Bunsong pa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin yẹn ju ọ̀gá èyíkéyìí lọ.

Nígbà tí Songkran dé, ọjọ́ ọdún tí àbúrò ń da omi òdòdó sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sórí orúnkún. Ọ̀sán pọ́n, Bunsong kò wá. Mo bu omi, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Dúró díẹ̀ ná," ló wí. "Bóyá ojú ọ̀nà ló dí."