Ìwé Tí Ẹnì Kankan Ò Lè Kà

Iṣẹ́ obìnrin náà ni kí ó máa tún ìwé tó ti gbó ṣe nínú ilé ìkàwé ńlá kan. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Abẹ́rẹ́, òwú, lẹ́ẹ̀ àti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ni irinṣẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo òṣìṣẹ́ fi ń pè é ní Télọ̀ Ìwé. Òun náà a máa dá wọn lóhùn pé iṣẹ́ télọ̀ tòun sàn ju ti ẹlòmíì lọ, nítorí kò sí oníbàárà òun tó ń sanra lẹ́yìn tí òun bá ti gba ìwọ̀n rẹ̀ tán.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kò sí àwàdà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń tú òwú ìwé kan.

Inú àpótí ọkùnrin kan tó kú láìní ẹbí ni wọ́n ti rí ìwé náà láyé ọjọ́un. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ojú ewé. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àmì inú rẹ̀ sì dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí iyẹ̀pẹ̀ tútù. Kò jọ lẹ́tà èdè kankan tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti wá, wọ́n wò ó títí ojú fi ń ro wọ́n, wọ́n sì ti bá tiwọn lọ.

Ẹni tí kò lọ ni ẹ̀gbọ́n Télọ̀ ọkùnrin. Olùkọ́ ìtàn ni tẹ́lẹ̀. Ó ti tó ọdún méjìlélógún tó ti jókòó ti ìwé náà nínú yàrá kékeré kan tí ilé ìkàwé yọ̀ǹda fún un lókè. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kó mú ọ̀kan nínú òun àti ìwé, ó sì mú ìwé. Ìwé àkọsílẹ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti kọ kún, tó fi ka iye ìgbà tí àmì kọ̀ọ̀kan jáde àti àmì tó máa ń tẹ̀lé e. Ohun tó ń sọ kò yí padà rí: ó ní ìwé náà ti tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún, pé àwọn èèyàn kan tí èdè wọn ti kú ló kọ ọ́.

Ẹni tó ń bá a jiyàn ni olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí gbogbo wọn ń pè ní Dókítà. Ó ní oníjìbìtì kan ló jókòó fa ìlà játijàti láti fi gbówó lọ́wọ́ olówó òmùgọ̀. Ní Ọjọ́rú, àwọn méjèèjì yóò rojọ́ níwájú Ọ̀gá ilé ìkàwé àti ìgbìmọ̀ rẹ̀. Bí Dókítà bá borí, wọn yóò gba yàrá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Òwú ẹ̀yìn ìwé náà ti já, ni wọ́n bá gbé e wá fún Télọ̀ pé kó tún un rán kó tó di ọjọ́ náà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n á ṣẹ́ bébà ńlá po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á wá rán an níbi ìṣẹ́po. Ohun tó bá wà níbi ìṣẹ́po yẹn, abẹ́ òwú ló wà, ojú kì í tó o àyàfi tí èèyàn bá tú ìwé palẹ̀. Télọ̀ tú u. Ó tẹ́ bébà kan, ó gbé e sójú fèrèsé kó lè wò ó bóyá ó ti lu. Àmì kan sì yọ nínú bébà náà, níbi ìṣẹ́po, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe bébà máa ń tẹ̀ sínú ọjà wọn. Gílóòbù iná mànàmáná ni, tòun ti wáyà tó lọ́ mọ́ra nínú rẹ̀.

Ó gbé òmíràn. Gílóòbù. Ó gbé ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, àtùpà ni wọ́n ń tàn.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní wákàtí wákàtí, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn.

"Ṣé ó ti ń bọ̀ sípò?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Kí ló ṣe é?"

Ó gbé bébà náà sójú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wò.

"Wọ́n tún un dì ni," ó wí. "Àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló tún un dì."

"Kì í ṣe èèpo ẹ̀yìn, Bọ̀ọ̀dá. Inú bébà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí gan-an ló wà."

"Àdàkọ ni nígbà yẹn. Ẹnì kan ló da ti àtijọ́ kọ sórí bébà tuntun."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Kí lẹ máa fi hàn wọ́n?"

Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí òwú tó wà lórí tábìlì, ó tì í sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀.

"Rán an padà."

"Bọ̀ọ̀dá."

"Mo ní kó o rán an padà. Ta ló tún máa tú u? Ìwọ nìkan lo mọ iṣẹ́ yìí nínú gbogbo ilé yìí." Lẹ́yìn náà, ó rọra fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó sì jókòó sórí ilẹ̀. "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi tiẹ̀ fi ọdún méjì lé e."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀.

"Nígbà tí ìyá wa wà lórí àìsàn, ìgbà mẹ́ta lo ránṣẹ́ sí mi. Mo ní kí n parí ojú ewé kan. Tí ìwé yìí bá jẹ́ irọ́, àbúrò mi, kí ni mo tìtorí ẹ̀ fi ìyá mi sílẹ̀?"

Láti ọdún mẹ́sàn-án tí ìyá wọn ti kú ni Télọ̀ ti ń retí kó fẹnu ara rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Ó ti to èsì rẹ̀ sínú lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó korò àti èyí tó korò jù ú lọ. Nígbà tí ọjọ́ náà wá dé, kò rí ọ̀kan mú. Ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an.

Ní Ọjọ́rú, Dókítà sọ tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n náà sọ tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò já geere bí ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé òtútù ló mú un. Dókítà wá ní kí wọ́n bi ẹni tó tú ìwé náà léèrè.

"Télọ̀," Ọ̀gá wí, "ìwọ lo tú u tó o tún un rán. Ṣé o rí ohunkóhun tó lè jẹ́ ká mọ ọjọ́ orí ẹ̀?"

Télọ̀ kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Rárá, sà. Mi ò rí nǹkan kan."

Wọ́n fún ọkùnrin náà ní yàrá fún ọdún mẹ́ta sí i.

Láti ọjọ́ náà, kò kọ ìlà kan mọ́. Bí Télọ̀ bá gbé oúnjẹ ọ̀sán gòkè, ojú ewé kan náà ló ń bá ní ṣíṣí, ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á wà níbi ìṣẹ́po, á máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ egbò. Oúnjẹ àná á wà níbẹ̀, á ti gan. Aṣọ ń jábọ́ léjìká rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá Télọ̀ nídìí iṣẹ́.

"Lọ sọ fún wọn," ó wí.

"Èmi ni wọ́n máa lé, ṣé ẹ mọ̀?"

"Màá sọ pé èmi ni mo ní kó o ṣe é. Mi ò lè mí nínú yàrá yẹn mọ́."

"Ẹ ní kí n rán an, mo rán an. Ẹ tún dé, ẹ ní kí n tú u. Bọ̀ọ̀dá, ṣé abẹ́rẹ́ ni mí?"

Ó sọ ọ́ tán, omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìwé atúmọ̀ èdè tó ń tún ṣe, ó sì ní láti yára nù ún kó má bàa ba yíǹkì jẹ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òun náà kò rí orun sùn láti Ọjọ́rú yẹn. Ó bọ́ ápúrọ́ọ̀nù, àwọn méjèèjì sì gòkè lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá.

Wọ́n ní kí Télọ̀ lọ rọọ́kún nílé fún oṣù mẹ́ta láìsí owó oṣù. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó kó ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú páálí méjì, ó tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ délé, ó sì kọjú sí ògiri. Bí Télọ̀ bá ń gbálẹ̀, ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, á tẹ́tí bóyá ó ṣì ń mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni Dókítà kan ilẹ̀kùn. Télọ̀ rò pé ó wá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni, kò sì tètè fún un ní àga.

"Mà, èmi náà kò jàre," Dókítà wí. "Oníjìbìtì tó fẹ́ ta ìwé bí ohun àtijọ́ kò ní fi bébà tuntun ṣe é. Kí ló wá kọ ọ́ fún?"

"Wọ́n kà á," Télọ̀ wí. "Igun ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan ti fẹ́lẹ́ níbi tí ìka ti ń ṣí i. Ó sì níbi tó ya tí ẹnì kan fi òwú rán an pọ̀, kì í ṣe ọwọ́ oníṣẹ́. Ẹni tó ń kà á ló fẹ́ràn ẹ̀. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn, gílóòbù ni kò jẹ́ kí n rò ó."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò mọ ìgbà tó dìde.

"Á jẹ́ pé ẹni náà lè wà láyé nígbà tí mo wà lọ́mọdé," ó wí. "Ó lè jẹ́ pé ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lójú títì. Mo wá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mò ń wá a ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn."

Ó lọ gbé páálí méjèèjì wá, ó gbé wọn sí ẹsẹ̀ Dókítà.

"Ẹ máa kó wọn lọ. Òǹkà ibẹ̀ péye. Òun nìkan ló péye."

Dókítà bẹ̀rẹ̀, ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ tó wà lókè. Ó ń ṣí ojú ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, èyí tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja yìí, tó máa ń parí gbólóhùn. Kí lẹ rò pé ó jẹ́?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ọkùnrin náà wí. "Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ìgbà tí mo ti kà á. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Dókítà kò gbé páálí náà. Ó fa àga kan sún mọ́ tábìlì, ó sì jókòó. Àga méjì péré ló wà nínú ilé, nítorí náà Télọ̀ lọ yá ẹ̀kẹta lọ́dọ̀ aládùúgbò.