Kí Ẹ̀rọ Tó Kan Ìdí Kòkó

Ẹ̀rọ ìgégi Jeremiah ti ń bú ramúramù nínú oko kòkó Bàbá Bámigbóyè ní ìlú Ìṣẹ́ nígbà tí Ẹ̀bùn, ọmọ bàbá náà, sáré dé, tó gbá kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́yà bí ọmọ tuntun. Ó juwọ́ sókè. Jeremiah pa ẹ̀rọ.

Àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú ti ba oko náà jẹ́ pátápátá, gbágùúdá ni bàbá sì fẹ́ gbìn dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá àrùn ò ká igi kan létí odò. Irú rẹ̀ kan tún wà ní ìlú Emure. Ẹ̀bùn, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ irúgbìn ní yunifásítì, ti ya máàpù DNA, ìyẹn àbùdá àjogúnbá, àwọn méjèèjì, àmì wọn sì bára mu níbi púpọ̀. Bó bá jẹ́ pé ohun kan náà ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ àrùn, irúgbìn wọn ni wọ́n á fi tún oko gbìn. Bàbá ní òun fún un láyè di ọ̀sán òní, ọ̀sán sì ti pọ́n.

Ó ti jó fún ayọ̀ láàárọ̀. Kó lè mọ̀ bóyá èèṣì lásán ni ìjọra náà, ó ti ní kí kọ̀ǹpútà da àwọn àmì náà rú lẹ́gbẹ̀rún ìgbà, kò sì sí ìgbà kan tí wọ́n bára mu tó bẹ́ẹ̀. Orí ọ̀kadà ló wà tí ojú rẹ̀ fi là: áà, gbogbo kòkó agbègbè yìí mà jẹ́ ẹbí! Ọmọ ilé kan náà lè jọra láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì mọ orin kọ; ìjọra igi méjì náà lè má kan ti àrùn rárá. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ó yẹ kó fi wọ́n wé àwọn igi tí àrùn pa, tí máàpù tiwọn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó jókòó sórí ewé gbígbẹ nídìí igi etí odò náà, ó bẹ̀rẹ̀. Jeremiah ń bèèrè bóyá kí òun máa ṣiṣẹ́ òun lọ. Bàbá, tó dúró nítòsí, ń wo ọmọ rẹ̀.

Èsì jáde. Àwọn igi aláàrùn jọra lóòótọ́, bí ẹbí ṣe ń jọra, àmọ́ kò sí méjì nínú wọn tó jọra tó àwọn méjì yẹn. Ibì kan sì wà lórí máàpù tó jẹ́ ti àwọn méjì náà nìkan. Ẹ̀bùn fò sókè, gèlè já bọ́ lórí rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó dì mọ́ igi náà.

“Ṣé àṣìṣe ò lè wà ńbẹ̀?” Bàbá bi í.

“Ó lè wà, Bàbá. Ṣùgbọ́n ó ṣòro gan-an kó jẹ́ èèṣì.”

“Tó bá jẹ́ ìwọ lo ni oko ńkọ́?”

Ẹ̀bùn ò wo kọ̀ǹpútà mọ́. “Mi ò ní gé igi yìí.”

Bàbá yíjú sí Jeremiah, wọ́n ní kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ máa lọ sílé.

Láti àárọ̀ ni Ẹ̀bùn ti ń wá nọ́ńbà tí bàbá máa gbà gbọ́, wọn ò tilẹ̀ bèèrè iye tó jẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu òun ni wọ́n gbé oko lé.