Kó Ṣáà Ti Dé Ìgbà Òjò

Bí ọkọ ẹni bá wà láyé tí kò rí èémí mí, kò sí irú atẹ́gùn tí èèyàn ò ní wá kiri. Aránṣọ ti ṣí gbogbo fèrèsé ilé, ó ti ká kọ́tìnì, ó ti ní kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn yàrá kúrò pátápátá, síbẹ̀ Káfíńtà ọkọ rẹ̀ ní yàrá ń fún òun lọ́rùn. Fàráńdà ló kù. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà wá ń sùn, ibẹ̀ ló ń jí, lórí àga gbọọrọ tí òun fúnra rẹ̀ kàn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì le. Á fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé orúnkún, á sorí kọ́, á máa fa èémí bí ẹni ń fa omi nínú kànga tó ti ń gbẹ.

Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló bàjẹ́. Ìyẹ̀fun pákó tó ti ń fà símú láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló lọ jókòó síbẹ̀, tó sì kọ̀ tí kò dìde mọ́. Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó pe ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun ò rò pé bàbá yìí á rí òjò ọdún yìí. Ó wá fi kún un pé kí wọ́n máa jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i lójú, pé ó máa ń dẹ èémí lára díẹ̀. Aránṣọ fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sábẹ́ ahọ́n, ó mú ìkejì lọ́wọ́, ó gba ṣọ́ọ̀bù onífáànù lọ.

Onífáànù jẹ́ ọkùnrin kan báyìí tí ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Kì í ṣèèyàn burúkú o. Ṣùgbọ́n tó bá ti ń tajà, ohun gbogbo tó bá bá a pàdé lọ́nà ọ̀fun ló ń bá jáde. Fáànù ló kún òkè àjà rẹ̀ bámúbámú, bí ẹyọ kan ṣe ń yí ni òmíràn ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Yàrá ni àbí pálọ̀?"

"Fàráńdà ni."

"Háà! Fàráńdà kì í ṣe yàrá o, Màmá. Ibi tí ìrì ń sẹ̀ sí, tí òjò ń fọ́n sí, tí eruku ń wọlé láì kan ilẹ̀kùn." Ó na ìka sí fáànù kan tó ń dán lókè. "Ẹ wo eléyìí. Ó rẹwà, àbí? Igi lílọ̀ tí wọ́n fi gúùmù lẹ̀ pọ̀ ni ìyẹ́ ẹ̀. Tí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́ lára, wẹ́rẹ́ báyìí ló máa tẹ̀ wálẹ̀ bí etí ajá. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìta, ike ni ìyẹ́ ẹ̀, wọ́n dí ẹ̀ńjìnnì ẹ̀ pa, kò sọ́nà tómi máa gbà wọlé. Ọmọ ọmọ yín á lò ó."

"Gbé e wá ká máa lọ."

"Ṣùgbọ́n kò sí nílẹ̀. Mo máa ránṣẹ́ sí i ni. Ó di oṣù tó ń bọ̀ kó tó dé, tí wọn ò bá já mi kulẹ̀."

Aránṣọ wo ìta. Oòrùn ń ran lójú títì bí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ òjò rí. Oṣù tó ń bọ̀. Ó ro Káfíńtà lórí àga gbọọrọ yẹn, tó ń retí òun.

"Tí mo bá wá gbé igi lílọ̀ yìí ńkọ́?"

"Màá bá yín kọ́ ọ lónìí. Á ṣiṣẹ́ dáadáa títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ṣèlérí o."

"Kó ṣáà ti dé ìgbà òjò," ni Aránṣọ wí, "ó ti tó."

Ó gbọ́ ohun tó sọ. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó mọ ìwọ̀n lò, kó gbójú wo èèyàn kó ti mọ iye aṣọ tó máa bò ó. Ọkọ rẹ̀ ló tún wá wọ̀n yìí. Onífáànù ò fura sí nǹkan kan. Ó ti ń wá àkàbà.

Nígbà tí wọ́n délé, Káfíńtà gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bíi tọmọdé. Ó wo bí onífáànù ṣe lu ihò sí òpó igi òkè àjà, bó ṣe fi ìkọ́ sí i. Nígbà tó kan ìyẹ́, ó nawọ́ pé kí wọ́n gbé ọ̀kan fún òun. Ó fi èékánná gbá a kọ́, kọ́. Ó fi ọwọ́ pa á létí.

"Ìyẹ̀fun... pákó ni," ó ní.

"Ẹ ò rí Bàbá! Ẹ mọ igi o!"

"Òun ló... pa mí. Ẹ wá tún... fi kọ́ sí mi lórí."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Aránṣọ tó di ẹsẹ̀ àkàbà mú rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti rẹ́rìn-ín pọ̀ kẹ́yìn.

"Kí ló dé... tí ẹ ò mú... ti ìta wá?" Káfíńtà bi onífáànù.

"Mo sọ fún Màmá!" Ìṣó wà lẹ́nu onífáànù, ìyẹn náà ò ní kó dákẹ́. "Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù di oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní kó ṣáà ti dé ìgbà òjò, ó ti tó."

Ẹyin lohùn. Aránṣọ di àkàbà mú gírígírí, bí ẹni pé òun ló wà lókè tó fẹ́ já bọ́. Káfíńtà wò ó. Ó wò ó pẹ́, kò sì sí ìbínú lójú rẹ̀, ìyẹn ló wá burú jù.

"Aránṣọ ni," ó sọ fún onífáànù. "Kì í... fi aṣọ ṣòfò."

Wọ́n tan fáànù. Atẹ́gùn sọ̀ kalẹ̀ gẹ́lẹ́ sí ojú ọkùnrin náà, ó pa ojú dé, èjìká rẹ̀ tó ti ń fò sókè láti àná wá rọlẹ̀ díẹ̀. Fáànù ṣe bẹbẹ, a ò ní í parọ́ mọ́ ọn. Káfíńtà ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Ó ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó máa ń béèrè pé kí la máa ṣe lọ́la ò béèrè ọ̀la mọ́. Aránṣọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sí fàráńdà kó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń la ẹnu láti ṣàlàyé, ojoojúmọ́ ló sì ń pa á dé. Àlàyé wo? Ohun tí òun sọ náà ló ní lọ́kàn.

Òjò wá rọ̀. Ọ̀sán gangan ló dé, ó bo òrùlé, ó ń fọ́n wọ fàráńdà. Aránṣọ sáré jáde láti fa àga ọkọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó bá a tó ti jókòó ṣánṣán, tó ń wo omi.

"Òjò dé... Aránṣọ," ó ní. "Mo ṣì wà. Má bínú."

Ó sọ ọ́ bí àlejò tó mọ̀ pé òun ti pẹ́ jù. Aránṣọ ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ó ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn, ó nu omi lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ́kàn kì í ṣe ayọ̀. Oorun àsùnjí ló wù ú, ẹyọ kan péré, tí kò ní máa tẹ́tí sí èémí ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Ó kórìíra ara rẹ̀ nítorí ẹ̀.

Fáànù náà ò já wọn kulẹ̀: ohun tí wọ́n ní yóò ṣe ló ṣe. Ìyẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó ń lu ara rẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n-gbọ̀n, nígbà tó sì di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró. Èjìká Káfíńtà tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!" ni onífáànù fi kí i káàbọ̀. "Ó dáa, Màmá. Ṣé ká tún gbé irú ẹ̀ náà ni, àbí ká ránṣẹ́ sí ti ìta?"

Bí Aránṣọ bá mú èyí, ó tún ti wọ̀n ọkọ rẹ̀. Bó bá mú tọ̀hún, irọ́ ló pa pé ọkọ òun ṣì máa pẹ́ láyé. Ó dúró síbẹ̀ lábẹ́ gbogbo fáànù yẹn, atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún, débi tí onífáànù fúnra rẹ̀ fi panu mọ́. Aránṣọ ní òun ń lọ bi ọkọ òun.

Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọkọ rẹ̀, ó bi í bí wọ́n ṣe bi òun gan-an, kò fi ohunkóhun bò.

"Ti ìta," ni Káfíńtà wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa gbádùn ẹ̀ dáadáa."

"Má purọ́... fún mi. Ìwọ lo máa... jókòó sábẹ́ ẹ̀."

Aránṣọ pe onífáànù lórí fóònù, ó ní kó ránṣẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló fa páálí fáànù àtijọ́ jáde lábẹ́ tábìlì, ó ya etí rẹ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ bá ro ó, á pààrọ̀ ọwọ́. Òjò tún ṣú.

"Ó ti rẹ̀ ọ́," Káfíńtà sọ.

"Kò tíì rẹ̀ mí."

Ọkùnrin náà kàn ń wò ó. Aránṣọ fẹ́ páálí náà lọ, ó fẹ́ ẹ bọ̀.

"Ó ti rẹ̀ mí," ó wí.

"Ó ti rẹ... èmi náà."

Ó pààrọ̀ ọwọ́, ó ń fẹ́ ẹ lọ.