Páànù Kẹfà Nínú Iná

Kò ní gùn. Mo fọwọ́ lé àyà mi, mo ṣèlérí níwájú ààrò gáàsì yìí, àti níwájú aago mẹ́ta tó tò sórí tábìlì bí ìgbìmọ̀ adájọ́, pé ìrònú yìí kò ní kọjá ìṣẹ́jú méjìlá tí páànù kẹfà máa lò nínú iná. Kí aago tó dún, màá ti rò ó tán, màá ti nu tábìlì, màá ti jókòó bí èèyàn tí nǹkan kan ò ṣe rí. Páànù kẹfà... Mo ti yan márùn-ún, kò sí èyí tó rí bó ṣe yẹ. Ogún ìṣẹ́jú ló kù kí aago mẹ́rin lù, wọ́n sì ń bọ̀ ní mẹ́rin.

Tíṣà kì í pẹ́. Àkọ́bí mi ni, olùkọ́ ìṣirò, gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Tíṣà, èmi náà wá bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ ní aago wíwò nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ká ní mo mọ̀ ni...

Tíṣà ló máa gbé Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Òun ló máa jẹ bísíkíìtì yìí, òun ló máa dájọ́. Tó bá ní òun nìyí, mo dúró sílé mi. Tó bá mi orí – yàrá aláwọ̀ ẹyin nílé Tíṣà.

Mi ò lọ sí yàrá aláwọ̀ ẹyin.

Gbogbo ẹ̀ nítorí ìkòkò. Mi ò gbàgbé ìkòkò yẹn. Mo fi í sílẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí èèyàn gbàgbé nǹkan àti kí èèyàn fi í sílẹ̀. Mo gbé ẹyin mẹ́ta kaná, mo yà sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ọ̀rọ̀ dùn, mo jókòó... Nígbà tí mo máa fi dé, télọ̀ tó ń gbé lókè mi ti já ilẹ̀kùn wọlé, ó dúró gbagidi láàárín ilé ìdáná mi, korobá omi lọ́wọ́, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. "Bàbá Aláago! Ilé ń jó o!" Ilé kò jó. Ẹyin mẹ́ta ló jó. Mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó pe Tíṣà.

"Bàbá, ẹ ti ń gbàgbé nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Mo ti ní kí wọ́n kun yàrá ìsàlẹ̀." Mo bi í pé àwọ̀ wo. "Àwọ̀ ẹyin." Mo bi í pé ẹyin tútù ni àbí èyí tó jó. Òun náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní agogo kékeré kan máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí n máa lù ú tí mo bá fẹ́ nǹkan. Agogo! Èmi! Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélógójì tún aago àwọn ẹlòmíì ṣe, tí odindi òpópónà ń tipasẹ̀ mi jí lọ síbi iṣẹ́, kí wọ́n wá fún mi lágogo, kí n máa lù ú bí ọmọ tó fẹ́ tọ̀...

Inú bí mi. Inú tó bí mi ló jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ súìtì wá. Mo ní ẹni tó ń gbàgbé nǹkan, ṣé ó lè rántí bí súìtì tó lá lọ́mọ ọdún mẹ́fà ṣe rí lẹ́nu? Èmi rántí. Mo lè fọwọ́ ara mi ṣe é, kó sì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bísíkíìtì ni màá fi ṣe, torí èmi àti Ẹ̀gbọ́n mi ò ní eyín súìtì mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, ó ń mu tíì. Ó rọra gbé ife sílẹ̀. "Ìwọ àbúrò mi yìí? O ò rántí nǹkan kan. Atalẹ̀ wo ló wà nínú súìtì yẹn?" Atalẹ̀ wo! Tíṣà wá ń wo èmi, ó ń wo òun, bó ṣe máa ń wo ọmọ méjì tí wọ́n jọ ń purọ́ ní kíláàsì. "Ó dáa, Bàbá. Ẹ yan án. Láìsí èéfín o. Tí Ìyá Àgbà tí wọ́n jókòó síbí yìí bá jẹ ẹ́, tí wọ́n ní òun ni, mi ò ní dárúkọ yàrá yẹn mọ́."

Láìsí èéfín. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ti lọ. Aago àkọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, èkejì gbà pẹ̀lú ẹ̀, ẹ̀kẹta ń ṣiyèméjì. Ẹ̀kẹta ti ń ṣiyèméjì láti ọjọ́ tí oníbàárà tó ni ín ti pa á tì sọ́dọ̀ mi. Àmọ́ òun nìkan ló ní agogo lórí, òun ló máa ké sí mi. Mo ti yí ọwọ́ ẹ̀ sí ìṣẹ́jú méjìlá gan-an.

Súìtì náà funfun, ó rí roboto, ó ní ilà pupa kan ṣoṣo láàárín bí ọ̀gá ọlọ́pàá tó di bẹ́líìtì. Onílà là ń pè é. Ìyá wa kì í fún wa ju ẹyọ kan lọ, lọ́jọ́ tí a bá bá a fọ aṣọ tán. Á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn, á jáde pẹ̀lú ẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́. Ẹyọ kan, ọmọ méjì. Ẹ̀gbọ́n mi á fi eyín là á, á fún mi ní ìdajì tó kéré, á ní ọgbọọgba ni. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin rèé, mi ò tíì gbà pé ọgbọọgba ni.

Tó bá kan ahọ́n, á kọ́kọ́ dùn. Atalẹ̀ á dé, á ta èèyàn díẹ̀. Lẹ́yìn atalẹ̀, mínǹtì. Lẹ́yìn mínǹtì... Nǹkan kan wà lẹ́yìn mínǹtì. Nǹkan kan tó tutù, tó ń gba inú imú gòkè lọ, tó ń mú ojú ṣomi. Òun ni mi ò rí. Mo ti fi gbogbo ọjọ́ òní wá a. Ó wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ – tí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé orí mi ló hun ún? Tó bá jẹ́ pé Ẹ̀gbọ́n mi ló...

Rárá. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń pe ìdajì kékeré ní ọgbọọgba! Ṣé ẹ̀rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa fi lé mi kúrò nílé?

Páànù kìn-ín-ní jó, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ló jó, kò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èkejì le débi pé mo gbá a mọ́ tábìlì, tábìlì ló fara pa. Ẹ̀kẹta yọ́, gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ra bí ẹbí tó ń ya fọ́tò. Ẹ̀kẹrin, mo fi kànáfùrù sí i, ó di oògùn eyín. Ìkarùn-ún dára. Ó dára, kò sí irọ́ níbẹ̀, ó dùn, ó ta, ó tutù – ó sì dúró síbẹ̀. Nǹkan yẹn kò wá. Mo fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sára bébà síwájú páànù kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ sínú ẹ̀yìn gbogbo aago tí mo bá tún ṣe, kí n lè mọ̀, tó bá padà wá, pé èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ̀kẹfà yìí, mo kàn fi mínǹtì kún mínǹtì ni. Mi ò mọ nǹkan míì tí mo tún lè ṣe.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Àwọn tó bà jẹ́ ńkọ́? Páànù mẹ́rin odindi, nínú àpò kan, lórí ilẹ̀. Tí Tíṣà bá rí i, ẹjọ́ ti tán kí Ẹ̀gbọ́n mi tó la ẹnu. Kí n dà á sí garawa ìdọ̀tí? Télọ̀ òkè mọ ohun tí gbogbo ilé jẹ. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ogún ọdún ni Tíṣà ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé, abẹ́ nǹkan ló kọ́kọ́ ń wò. Àpótí...

Àpótí Ìyá wa. Nígbà tí a pín ogún, èmi jogún àpótí, Ẹ̀gbọ́n mi jogún ẹnu. Aṣọ ìyàwó mi ló wà nínú ẹ̀ báyìí. Òun fúnra ẹ̀ ló tò wọ́n síbẹ̀. Ọdún mẹ́ta. Mi ò tíì ṣí i látìgbà tó ti... Kò sẹ́ni tó ń ṣí i. Tíṣà gan-an, tó bá dé iwájú ẹ̀, ńṣe ló máa ń wo ibòmíì. Níbẹ̀ ló yẹ. Ìyàwó mi máa dárí jì mí, ó ti dárí ohun tó le jùyẹn jì mí.

Mo gbé àpò, mò ń lọ sí yàrá. Ẹyọ kan ti páànù ìkarùn-ún wà lẹ́nu mi, mò ń lá a díẹ̀díẹ̀, bóyá nǹkan yẹn á ṣèèṣì dé. Mò ń kúnlẹ̀. Orúnkún mi sọ̀rọ̀ kó tó gbà. Ìdérí àpótí yìí wúwo o... ó ti lẹ̀... ó ṣí.

Ha.

Rárá, ẹ dúró ná. Ẹ dúró.

Ó dùn. Atalẹ̀ dé. Mínǹtì dé. Lẹ́yìn mínǹtì... òun nìyí. Òun nìyí! Ó tutù, ó ń gba inú imú mi gòkè lọ, ojú mi ń ṣomi. Kì í ṣe ẹnu mi ló ti wá. Inú àpótí ló ti wá. Kánfọ̀. Kánfọ̀ funfun roboto tí wọ́n ń fi sáàárín aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ti ìyàwó mi ti yọ́ dà nù láàárín àwọn aṣọ ẹ̀, òórùn ẹ̀ ló kù.

Ibí ni Ìyá wa ń kó súìtì pamọ́ sí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la wá, ẹ̀yìn ìkòkò omi la wá, a tú inú ìrọ̀rí. A ò fura sí àpótí rí, torí ó sọ fún wa pé aṣọ nìkan ló wà níbẹ̀, àwa náà sì jẹ́ ọmọ tó gba ìyá gbọ́. Aṣọ, kánfọ̀ àti Onílà, nínú àpótí kan náà. Kò sí nǹkan kan nínú súìtì yẹn lẹ́yìn mínǹtì. Wọn ò fi nǹkan kan síbẹ̀. Àpótí yìí là ń lá!

Ẹni tó bá lá a ní ilé ẹlòmíì kò mọ̀ ọ́n. Nínú gbogbo ayé, èèyàn méjì péré ló mọ adùn yẹn, ọ̀kan nínú wọn ń bọ̀ ní aago mẹ́rin. Kò sí bí bísíkíìtì ṣe lè ní i, àfi tí mo bá fẹ́ fi kánfọ̀ pa Ẹ̀gbọ́n mi. Mo sì rántí ẹ̀. Mi ò hun ún. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ó wà níbi tó wà, kò yẹ̀. Kí wọ́n wá sọ fún mi pé ọpọlọ yìí ń jò! Kí wọ́n wá dúró síwájú àpótí yìí, kí wọ́n sọ ọ́! Kí wọ́n gbé agogo wọn...

Agogo.

Agogo ò dún. Òórùn kan ń bọ̀ láti ilé ìdáná, òórùn bọ́tà tó ti ń ronú nípa jíjó. Dìde. Orúnkún, dìde, ká jọ ṣàlàyé nígbà míì –

Iná ti kú. Mo ti yí gáàsì pa. Mo wò ó, mo tún wò ó, mo fọwọ́ kàn án. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá àti ààbọ̀. Etí àwọn bísíkíìtì dúdú díẹ̀. Díẹ̀ ni. Èéfín ò sí, tàbí ká sọ pé èyí tó wà kò pọ̀ tó ohun tí èèyàn ń dárúkọ.

Aago kẹta wà níbẹ̀, ó ń wò mí. Mo yí ọwọ́ ẹ̀ sí ìṣẹ́jú méjìlá gan-an, òótọ́ ni. Bọ́tìnì orí ẹ̀ ni mi ò fà sókè. Ọdún mọ́kànlélógójì. Iye ìgbà tí mo ti sọ fún oníbàárà: "Aago yín ò ṣe nǹkan kan o, ẹ̀yin lẹ ò fa bọ́tìnì..."

Mo gbàgbé.

Ẹyin yẹn náà – mo gbàgbé ẹ̀. Mi ò fi í sílẹ̀. Mo jókòó sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, kò sí ẹyin kankan láyé mi. Ó ti hàn. Ó ti ẹnu mi jáde, òrùlé ò sì wó. Ẹni tó gbàgbé ẹyin mẹ́ta lórí iná àti ẹni tí òórùn kánfọ̀ kò kúrò nímú ẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹnì kan ṣoṣo ni. Ilé ẹni yẹn rèé. Níbí ni àpótí ẹ̀ wà, níbí ni aṣọ ìyàwó ẹ̀ wà. Kò lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ kankan. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n so agogo mẹ́wàá mọ́ ààrò yìí, kí télọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó láàárọ̀ lálẹ́, màá máa fún un ní tíì. Ṣùgbọ́n níbí ni.

Mi ò sì ní gbé àpò yẹn sínú àpótí mọ́. Kó wà nílẹ̀ níbẹ̀, kí Tíṣà rí i, kó kà á, ìṣirò ni iṣẹ́ ẹ̀. Màá gbé àga kan lọ sí yàrá. Màá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó síbí, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀." Màá fún un ní ìdajì bísíkíìtì kan, ìdajì tó kéré, màá ní ọgbọọgba ni. Kó tó gbé e mì, màá ṣí ìdérí.

Ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Lẹ́ẹ̀mẹta, kò yára, kò falẹ̀. Tíṣà ni. Aago mẹ́rin géérégé.

Ìwọ ààrò, ẹ̀yin aago mẹ́ta, pàápàá ìwọ ẹ̀kẹta: ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Gbogbo ohun tó kù ni màá fẹnu ara mi sọ. Ṣùgbọ́n ti omi tó ń dà lójú mi látìgbà tí mo ti kúrò nídìí àpótí, kó má ṣe jáde lẹ́nu yín. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní èéfín ni...

Rárá o. Ẹ má dárúkọ èéfín. Ẹ sáà dákẹ́.