Ìwé Tí Odò Kò Rí Gbé

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Àrìnkẹ́ Ọláwuyì fi bẹ Alhaji Mojeed kí baba tó gbà. Àrìnkẹ́ ló ń bójú tó yàrá àkójọ àkànṣe ní ilé-ìkàwé yunifásítì kan, níbi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́ tí kò sí irú wọn níbòmíràn. Ohun tó ń wá lọ́wọ́ baba ni ìwé mẹ́rìnlélógún tí Àfáà Junaid, bàbá Alhaji, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Yorùbá ni, lẹ́tà Lárúbáwá ló fi kọ ọ́. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní agbolé wọn ní Ìkòsí, gbogbo òkú tí wọ́n sin, ẹni tó ta ilẹ̀ àti ẹni tó rà á, kò sí èyí tí Àfáà kò kọ síbẹ̀.

Ajégúnlẹ̀, lẹ́yìn Mile 12, ni Alhaji ń gbé. Bí odò Ògùn bá ti kún báyìí, omi á wọ yàrá dé orúnkún. Omi yìí gan-an ni Àrìnkẹ́ fi yí baba lọ́kàn padà.

“Bàbá, lọ́jọ́ kan, omi yìí á gbé e lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni, ilẹ̀kùn irin ni. Ọmọ yín ni mí. Ẹ gbé e fún mi.”

Baba fọwọ́ síwèé pé òun ti fi wọ́n fún yunifásítì. Suwebat, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, fi ìborùn tuntun di àwọn ìwé náà, ó sì sin Àrìnkẹ́ dé títì.

Àrìnkẹ́ kọ̀wé béèrè fún kámẹ́rà tí yóò fi ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà kò dé. Kò pé ọdún kan, ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti géètì yunifásítì pa, wọ́n sì gé iná. Àrìnkẹ́ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti yẹ yàrá rẹ̀ wò.

“Madam, order ni o,” ni ẹ̀ṣọ́ wí. “Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé.”

Ó padà sílé ní Kétu. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé yàrá tí a tì pa, kí ló fẹ́ wọ ibẹ̀? Kò lọ mọ́. Oṣù mẹ́jọ ni ìyanṣẹ́lódì náà gbà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Páìpù ti bẹ́ nínú àjà, bóyá láti oṣù kejì ìyanṣẹ́lódì náà. Àwọn ìwé Àfáà ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi, wọ́n ti bu, tàdáwà ti ṣàn wọnú ara wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Àrìnkẹ́ fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn, tó ń ṣí wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣe ń ṣí i ló ń já mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò rí odidi ojú ìwé kan kà.

Dókítà Gbọ́láhàn, ọ̀gá ilé-ìkàwé, wò ó, ó mí kanlẹ̀. “Kọ report, ká fi sí file. Má wulẹ̀ sọ fún ẹbí yẹn.”

Àrìnkẹ́ lọ sọ fún wọn lọ́jọ́ Sunday. Ó kúnlẹ̀. Suwebat ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ga.

“Aunty, ogójì ọdún la fi ń gbé e sórí àjà. Omi ń wọlé, àwa ń gbé e gòkè. Ẹyọ ojú ìwé kan ò tutù rí.”

“Ó tó, Suwebat,” ni baba wí. Ó kọjú sí Àrìnkẹ́. “Orúkọ Ọlọ́run wà nínú rẹ̀. A kì í dà á sórí ààtàn. Kó ìyókù wá kí n sin ín.”

Àrìnkẹ́ ṣèlérí. Ṣùgbọ́n Dókítà Gbọ́láhàn ní ìwé náà ti di ti yunifásítì, pé kó kọ lẹ́tà kó tó lè gbé e jáde. Ó kọ ọ́. Ọjọ́ kọkànlá ni èsì dé, wọ́n gbà. Ó sáré lọ sí yàrá náà. Àwọn tó ń tún àjà ṣe ti kó gbogbo ohun tí omi bàjẹ́ kúrò nílẹ̀.

Ó wá Akóredé, olórí wọn, kàn. “Àwọn bébà tó ń rùn yẹn?” ni Akóredé wí. “A ti jó wọn mọ́ pàǹtí ní Friday, Ma.”

Àrìnkẹ́ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ló wà tí fóònù rẹ̀ fi dún. Suwebat ni.

“Aunty, Bàbá ti ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ra aṣọ funfun. Bàbá ní kí n bi yín, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?”

Àrìnkẹ́ tẹ fóònù náà mọ́ etí. Suwebat ń pè é, “Aunty? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?” Ó ń gbọ́ ọ ketekete.