Ìtumọ̀ Kejì

Bí Dorcas ṣe wọ yàrá àwọn olùkọ́, ọ̀rọ̀ dúró. Bándélé, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pa ìwé atúmọ̀ èdè kékeré ọwọ́ rẹ̀ dé. Felicia nìkan ló dá a lóhùn nígbà tó kí wọn, òun náà kò sì gbójú sókè.

Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí i rèé. Bàbá Ọládipọ̀, ọ̀gá wọn tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ lẹ́tà ìkíni lédè Gẹ̀ẹ́sì láti Ìkẹ́rẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Ìṣẹ́, tó sì pe Dorcas ní "espier" òun. Ìwé Bándélé kò ní ọ̀rọ̀ náà; "espionage" ló rí nítòsí ibẹ̀, ó bá ní amí ni. Bẹ́ẹ̀, oṣù tó kọjá ni iléeṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, olú ìlú wọn kí Èkìtì tó dá dúró, ṣí Michael, olùkọ́ ìṣirò, nípò lójijì lọ sí etí òkun ní Ìlàjẹ, tòun ti ìyàwó tó lóyún.

"Amí Àkúrẹ́," ni ẹnìkan sọ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí iléèwé parí, Dorcas wọ mọ́tò lọ sí Ìkẹ́rẹ́.

Bàbá ṣí ìwé atúmọ̀ ńlá kan tí èèpo rẹ̀ ti ya. "Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ọmọ mi. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kì í sábà lò ó mọ́. Ẹni tó ń ṣàkíyèsí ni. Ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé Abigail kékeré kò rí ojú pátákó? Ṣebí ìwọ ni?"

Ọkàn Dorcas balẹ̀. Ó yọ bírò àti tákàdá kí ó lè da ìtumọ̀ náà kọ.

"Ó ní ìtumọ̀ kejì ṣá," ni Bàbá wí jẹ́jẹ́. "Amí." Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ṣé ìwọ lo fẹjọ́ Michael sùn?"

"Rárá, Bàbá. Ìnsípẹ́kítọ̀ tó wá láti Àkúrẹ́ ló bi mí bóyá ó máa ń wá síṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo ní kì í wá. Òótọ́ ni."

"Kò bi àwọn yòókù ni?"

"Ó bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀."

Bàbá ti ìwé atúmọ̀ náà sí iwájú Dorcas. "Da ti àkọ́kọ́ kọ. Ìyẹn ni kó o fi hàn wọ́n."

Dorcas dà á kọ. Ó wá rántí ìyàwó Michael lórí ẹrù nínú lọ́rì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú. Dorcas kò jáde lọ kí wọn pé ó dàbọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó lọ náà. Ojú fèrèsé ló dúró sí, tó ń wò wọ́n títí wọ́n fi lọ.

Ó fa ìwé atúmọ̀ náà mọ́ra, ó sì da ìtumọ̀ kejì kọ sábẹ́ ti àkọ́kọ́, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé gbọọrọ tó máa ń fi kọ nǹkan sójú pátákó.